Ìràwọ̀ Bọ́mà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, àpótí bàbá àgbà kan wà tí a kì í sábà ṣí. Bí a bá ṣí i, a lè rí ìràwọ̀ kékeré kan nínú rẹ̀, tí ó so mọ́ àjákù rìbọ́n. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣeré. Àwọn àgbà mìíràn a rò pé wúrà ni. Kì í ṣe wúrà o, idẹ ni. Ìràwọ̀ Bọ́mà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa rẹ̀ lónìí: ohun tí ó wà lára rẹ̀, ẹni tí ó tọ́ sí, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ ìwé tí ó bá a rìn.

Bọ́mà ni orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Ìlà-oòrùn Íńdíà ni ó wà. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1942 wọ́n gba Rangoon, olú-ìlú rẹ̀. Ìjà náà kò tán títí Jàpáánì fi fọwọ́ sí ìwé pé òun túúbá, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló kàn wá nínú ìjà yẹn? Ṣebí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà náà wà nígbà náà. Ìjọba kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, láti Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, láti Sierra Leone àti Gambia. Wọ́n pín wọn sí dìfíṣọ̀n méjì, dìfíṣọ̀n 81 àti dìfíṣọ̀n 82. Aláǹtakùn dúdú ni àmì tí àwọn ti 81 ń lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn. Àmì àwọn ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùká, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù lọ sí ọjà! Ẹni tí ó yan àmì yẹn mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní àfonífojì odò Kaladan, igbó àti òkè ni ó pọ̀ jù, ọ̀nà mọ́tò kò sí. Àwọn aláàárù ni ó ń fi orí ru ìbọn, ọta àti oúnjẹ, ọkọ̀ òfúrufú ni ó sì ń ju oúnjẹ mìíràn sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìràwọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ó ja ogun náà. Bí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ kà á. Igun mẹ́fà ni ó ní. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38. Ní àárín rẹ̀ ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n lọ́ mọ́ra: G, R àti I. G dúró fún Jọ́ọ̀jì, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. R ni ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ọba. I ni ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn tí ó túmọ̀ sí olú-ọba, nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì náà ni olú-ọba Íńdíà. Ẹ ó tún rí VI. Ẹ má kà á bí lẹ́tà o, bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń kọ 6 nìyẹn: Jọ́ọ̀jì Kẹfà. Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, ọba sì fi oyè olú-ọba yẹn sílẹ̀ ní 1948, ṣùgbọ́n kò kúrò lára ìràwọ̀.

Adé wà ní òkè, òbìrí kan sì yí àwọn lẹ́tà náà ká. Lára òbìrí yẹn ni wọ́n kọ THE BURMA STAR sí. Ìràwọ̀ Bọ́mà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa, nítorí oríṣi ìràwọ̀ mẹ́jọ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún ogun 1939 sí 1945 nígbà náà, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí lójú. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Rìbọ́n wọn náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rìbọ́n. Ti Bọ́mà ní ìlà pupa gbòòrò ní àárín, àwọ̀ aró ní ọ̀tún àti òsì, àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn láàárín aró kọ̀ọ̀kan. Pupa yẹn dúró fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ọsàn dúró fún oòrùn.

Ta ni ó wá tọ́ sí? Ibí yìí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì í mú jù. Wọ́n rò pé akíkanjú nìkan ni wọ́n fún, tàbí ẹni tí ó pa ọ̀tá. Mẹ́dàlì ti akíkanjú wà lọ́tọ̀. Ìràwọ̀ yìí, ibi tí ènìyàn dé ni ó ń béèrè. Ṣójà tí ó wọ Bọ́mà fún iṣẹ́ ogun láàárín ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1941 àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945, tirẹ̀ ni, kódà bí ó jẹ́ ọjọ́ kan péré ni ó lò níbẹ̀. Ẹ fi wé ìràwọ̀ ti 1939 sí 1945, tí ó ń béèrè oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ṣójà. Iṣẹ́ ogun ní Bengal àti Assam, ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà tí ó bá Bọ́mà pààlà, náà wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1942. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Bombay, tí ó jókòó sí àgọ́ níbẹ̀ títí ogun fi parí, kò ní i. Àwọn méjì lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà kúrò nílé, kí ọ̀kan gba ìràwọ̀, kí èkejì má gbà. Ó dun ẹlòmíràn, bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ní 1942 ni ó wọṣẹ́ ogun. Ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáánì ká wọn mọ́ lójijì ní etí odò Kaladan. Ìbọn bà á ní ẹsẹ̀ àti ikùn. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, ni ó kù sínú igbó. Àwọn Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀ gbé wọn pamọ́, wọ́n ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Kejìlá. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé ní 1999, ó sì dágbére fún ayé ní 2012. Òfin ìràwọ̀ kò ya irú olùtọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbé ìbọn.

Owó oṣù ni kò dọ́gba. Ohun tí ṣójà aláwọ̀ dúdú ń gbà kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú igbó kan náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì bí ọ̀pọ̀ nínú. Ní ti ìràwọ̀, ọ̀kan náà ni ti Ọ̀gágun Slim tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn àti ti aláàárù tí ó wá láti Ìkìrun.

Ẹni tí kò ní ìràwọ̀ nílé pàápàá ń pe orúkọ ogun yẹn láìmọ̀. Bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, bárékè Arakan ní Apapa, bárékè Dodan ní Ìkòyí ní Èkó: orúkọ ibi tí àwọn ọmọ wa ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn.

Nísinsìnyí, ẹ yí ìràwọ̀ náà sí ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Íńdíà, Ọsirélíà àti South Africa kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun wọn sí ẹ̀yìn tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì kò kọ ọ́. Nítorí náà, bí ìràwọ̀ bá dá wà, kò sí ẹni tí ó lè fi í mọ̀ bóyá bàbá yín ni ó ni ín tàbí ẹni tí ó rà á lọ́jà. Ìwé tí wọ́n fi dá bàbá sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ogun ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ wá ìwé yẹn nínú àpótí kan náà, tàbí nínú Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀. Ẹ wo orúkọ, kí ẹ sì wo nọ́ńbà: lẹ́tà méjì, NA, ni ó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà àwọn ṣójà Nàìjíríà. Ẹ da orúkọ àti nọ́ńbà náà kọ sórí bébà mímọ́ kan, kí ẹ fi ọ̀rá wé ìwé àtijọ́ náà nítorí ikán, kí ẹ sì kó o pọ̀ mọ́ ìràwọ̀ náà sójú kan.