Lílo Ẹ́ńsáìmù Nínú Oúnjẹ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Ó Ń Dàgbà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ yín tó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹran náà gbé mì ni ó ń di ara rẹ̀. Apá kan a gba inú rẹ̀ kọjá, a sì bá ìgbẹ́ lọ sí ààtàn. Bí a ṣe lè dín òfò yìí kù ni ìwé yìí wà fún.

Ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ń tú oúnjẹ ká nínú ikùn kí ara lè gbà á. Ara ẹlẹ́dẹ̀ a máa ṣe púpọ̀ nínú wọn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò lè ṣe tó. Ẹ wo àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tí egungun fi ń le, wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó so mọ́ ohun kan tí à ń pè ní fáítéètì. Ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́, kò lè tú u. Ìdí nìyí tí a fi ń ra ìyẹ̀fun egungun kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ fáítéèsì ni ó lè tú ìdè náà. Ní ọdún 1991 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ilẹ̀ Hólándì, níbi tí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti pọ̀ débi pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń ba omi jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èèpo àlìkámà ní fáítéèsì tirẹ̀ láti oko wá, ṣùgbọ́n àgbàdo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Nítorí náà, ẹni tí àgbàdo àti sóyà pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹran rẹ̀ ni yóò rí èrè rẹ̀ jùlọ.

Kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ṣí ilé mìíràn. Sáílánéèsì ni ó ń tú okùn líle inú èèpo àlìkámà. Mánánéèsì ni ti pàǹtí ẹ̀kùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì ti ìkẹyìn yìí kì í dúró sójú kan. Ẹ máa bi ẹni tí ń tà á pé, ‘Kí ni èyí ń tú?’ Bí kò bá lè dáhùn, ẹ tọ́jú owó yín. Kò sì sí ẹ́ńsáìmù tí ó lè sọ èèpo gbágùúdá lásán di oúnjẹ tí ó pé.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe jù ni ibi pípò ó pọ̀. Ohun tí a ń lò kéré púpọ̀. Bí ó bá ṣe pé 100 gíráàmù ni àkọlé ara rẹ̀ pàṣẹ fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe 1,000 kílò, a jẹ́ pé 10 gíráàmù péré ni ti 100 kílò. Ẹni tí ó bá da èyí lé orí òkìtì oúnjẹ, tí ó sì fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́dẹ̀ kan ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù kò ní í rí nǹkan kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n tí ó péye wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. Ẹ pò ó mọ́ kílò kan àgbàdo lílọ̀ nínú garawa. Ẹ da èyí mọ́ 10 kílò, kí ẹ tún un pò. Nígbà náà ni ẹ ó tó dà á mọ́ gbogbo oúnjẹ náà.

Iná ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá ń se èèpo gbágùúdá fún ẹran yín, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó fi oúnjẹ tí ẹ́ńsáìmù wà nínú rẹ̀ sí i. Èyí tí ó bá inú ìkòkò gbígbóná ti kú kí ó tó dé ẹnu ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru tẹ oúnjẹ di hóró náà lè pa á, àfi irú èyí tí a ṣe láti fara da ooru. Ẹ pa á mọ́ nínú ike tí a dé dáadáa, níbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ.

Bí ẹ bá ń lo fáítéèsì ní ìwọ̀n tí àkọlé pàṣẹ, ẹ lè yọ bí ìdajì kílò kúrò nínú ìyẹ̀fun egungun tí ẹ ń fi sí 100 kílò oúnjẹ. Ẹ má ṣe yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹsẹ̀ àwọn ẹran náà má bàa di aláìlera. Ẹ má sì ṣe da lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun sí i ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé kálísíọ́mù tí ó pọ̀ jù a máa dí fáítéèsì lọ́wọ́.

Kí ẹ tó ná owó púpọ̀ lé e, ẹ dán an wò. Ẹ yan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dọ́gba, bí 20 sí 30 kílò, kí ẹ pín wọn sí yàrá méjì. Oúnjẹ kan náà ni kí ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ́ńsáìmù sí ti yàrá kan. Ẹ wọ̀n wọ́n ní ọjọ́ kìíní àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sì kọ iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ sílẹ̀. Bí àwọn ti yàrá kan bá jẹ 240 kílò, tí wọ́n sì fi 80 kílò kún, kílò mẹ́ta oúnjẹ ni ó mú kílò kan ẹran wá. Ẹ ṣe ìṣirò ti yàrá kejì bákan náà, kí ẹ fi owó ẹ́ńsáìmù kún ti ẹni tí ó jẹ ẹ́, kí ẹ sì wo èyí tí kílò ẹran rẹ̀ wọ́n jù.