Ìlà bàálù inú fídíò ìrìnàjò: Ẹ má jẹ́ kó ṣi oníbàárà yín lọ́nà

Àwọn oníṣòwò tó ń kó àlejò lọ wo Òkúta Olúmọ, àti àwọn tó ń ya fídíò ọdún Líṣàbi fún ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lókè òkun, mọ bí máàpù ṣe ń fa ojú mọ́ra. Bàálù kékeré á gbéra ní London tàbí New York, ìlà pupa á máa tẹ̀lé e títí tó fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlà yẹn lójú ẹni tó fẹ́ náwó. Ibi tí ẹ bá ní bàálù balẹ̀ sí ló máa fi ṣètò owó ọ̀nà rẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí bàálù balẹ̀ sí ẹsẹ̀ Olúmọ. Bàálù tó ń ti London bọ̀ kì í balẹ̀ sí Abẹ́òkúta, Ìkẹjà ló ń balẹ̀ sí. Pápákọ̀ òfurufú ìpínlẹ̀ Ògùn pàápàá, Rẹ́mọ ló wà. Ẹ dá ìlà náà dúró ní Ìkẹjà, kí ẹ wá fi àwọ̀ mìíràn fa ọ̀nà ilẹ̀: títì tó gba Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Ewékorò, tàbí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Èrò lè wọ̀ ọ́ ní Agége, kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní bá yín jà nítorí owó mọ́tò.

Èkejì ni ìlà tó lọ tààrà. Ayé rí roboto, máàpù ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tó kúrú jù fi máa ń tẹ̀ kọrọdọ lórí máàpù. Ti London sí Ìkẹjà, bíi 5,000 kìlómítà, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà, nítorí àríwá sí gúúsù ni. Ṣùgbọ́n láti Ìkẹjà sí New York, ó lé ní 8,400 kìlómítà, ọ̀nà náà gba orí Mali àti Mauritania kó tó bọ́ sórí òkun Atlantic. Tí ẹ bá fi rúlà fà á, Senegal lẹ ó gbà jáde.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé:

1. Ẹ fi rúlà inú Google Earth, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọn ìlú méjèèjì, kí ẹ wo ibi tí ìlà náà gbà kọjá.

2. Ẹ lo máàpù tí òfin gbà yín láyè láti fi ṣòwò. Natural Earth kò gba kọ́bọ̀.

3. Nínú DaVinci Resolve tàbí irú rẹ̀, ẹ fa ìlà náà sórí máàpù, kí ẹ jẹ́ kó máa hàn díẹ̀díẹ̀. Kí imú bàálù máa kọjú síbi tí ìlà ń lọ.

4. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́jọ tó. Kí orúkọ ìlú dúró pẹ́ tó láti kà.

Atẹ́gùn lè mú kí awakọ̀ bàálù yà díẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi tí bàálù gbà gan-an nìyẹn. Òótọ́ kì í ṣìnà. Oníbàárà tí ẹ kò tàn jẹ ló máa mú ẹlòmíràn wá.