Ìkòkò Kan Láàárín Tábìlì: Bí Ẹ Ó Ṣe Jẹ Shabu-shabu Nílẹ̀ Japan

ÌBÉÈRÈ

Satellite Town ni mò ń gbé, inú ọgbà Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry ni mo sì ti ń ta ẹ́ńjìnì àti jíà tòkunbọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ra ọjà Japan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé. Ní báyìí, Ọlọ́run ti ṣe é, èmi fúnra mi ń lọ sí Osaka lóṣù tó ń bọ̀. Ọkùnrin tí a jọ ń dòwò pọ̀ níbẹ̀ kọ̀wé sí mi pé lọ́jọ́ tí a bá parí ọjà wíwò, òun máa mú mi lọ sílé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń se ẹran lórí tábìlì, tí èèyàn á san owó kan ṣoṣo, tí á sì jẹ iye tó bá wù ú. Shabu-shabu ló pe oúnjẹ náà.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Àbúrò mi ní ẹran tútù ni wọ́n ń gbé fún èèyàn níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kí owó ọkùnrin yẹn má bàa ṣòfò. Mi ò mọ igi ìjẹun, igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, mú. Mùsùlùmí sì ni mí. Báwo ni kí n ṣe é tí ojú ò fi ní tì mí, tí ojú ò sì ní ti ẹni tó gbà mí lálejò?

Oníṣòwò tòkunbọ̀, Satellite Town

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, arákùnrin wa. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, oúnjẹ yìí kò le bí ẹ ṣe rò.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ẹran tútù ni wọ́n ń gbé wá, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ máa sè é. Wọ́n á gbé ìkòkò omi gbígbóná kan ka iná láàárín tábìlì. Wọ́n á wá gbé ẹran màlúù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé jáde, pẹ̀lú kábéèjì, olú, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà eléwé àti tofu, èyí tí àwa mọ̀ sí wàrà sóyà. Ẹ ó mú ẹran kan, ẹ ó fà á lọ fà á bọ̀ nínú omi náà títí pupa rẹ̀ á fi lọ, ẹ ó tì í bọ inú ọbẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré níwájú yín, ó di ẹnu. Ìró tí ẹran ń ṣe nínú omi ni wọ́n fi sọ oúnjẹ náà lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe gbọ́ ìró ọ̀kadà tí a fi pè é ní alùpùpù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Japan ti ń jókòó yí ìkòkò ká, pàápàá nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n Osaka tí ẹ ń lọ yìí gan-an ni orúkọ shabu-shabu ti jáde, nílé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Suehiro, lọ́dún 1952. Ara bí àwọn ará China ṣe ń se ẹran àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni oúnjẹ náà ti jáde, ẹran màlúù ni wọ́n sì fi rọ́pò ti àgùntàn.

Ẹ má sì rò pé ẹnu yín kò mọ adùn rẹ̀ rí. Ewéko inú òkun kan tó ń jẹ́ kombu ni wọ́n sábà ń rẹ sínú omi náà. Ara kombu yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ti yọ ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn jáde ní Tokyo lọ́dún 1908. Nígbà tó di 1909, wọ́n ti ń tà á lọ́jà. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Ajinomoto. Ajinomoto tí àwọn ìyá wa ń bù sọ́bẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé, orírun rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí “iye tó bá wù ú”, nítorí ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣìṣe jù. Tabehodai ni wọ́n ń pè é lédè Japan. Tí a bá lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Festac, ẹja la máa ń nawọ́ sí, bí ẹja náà bá sì ṣe tóbi sí la ṣe ń sanwó. Ní tabehodai, àkókò ni wọ́n ń tà fún yín. Níbi púpọ̀, ó lè jẹ́ wákàtí kan àbọ̀ tàbí wákàtí méjì. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì kan náà ló sábà ń san irú owó kan náà. Kí àkókò tó pé, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ohun mímu sábà máa ń ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba àfikún owó lọ́wọ́ ẹni tó bá béèrè oúnjẹ rẹpẹtẹ tó wá fi í sílẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ lọ sílé. Náílọ́ọ̀nù tí a máa ń mú dání lọ sóde àríyá, ẹ fi í sílé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa. Ìfẹ́ ló fi gbà yín nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ẹni tí ebi ń pa kì í mọ ìwọ̀n. Tí ẹ bá fi inú òfìfo débẹ̀, ojú yín á béèrè àwo mẹ́wàá, nígbà tí ẹ bá fi jẹ ìkẹrin, ẹ ti yó, àfikún owó á sì já lé ẹni tó gbà yín lálejò lórí. Àwo mẹ́ta lẹ jẹ o, mẹ́tàlá lẹ jẹ o, iye kan náà ló máa san. Ohun tí ọkùnrin yẹn ra fún yín ni wákàtí méjì tí ẹ máa fi jókòó kojú ara yín, kí ẹ sì mọ irú ẹni tí ẹ jọ ń dòwò. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ lọ pẹ̀lú ara tó balẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Tí ẹ bá ti jókòó, wọ́n á fún yín ní aṣọ kékeré tó lọ́rinrin. Ọwọ́ ni kí ẹ fi nù, ẹ má fi nu ojú. Kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ, àwọn ará Japan máa ń sọ pé “itadakimasu”. Tí ẹ bá bá wọn sọ ọ́, inú olùgbàlejò yín á dùn. Ẹ béèrè àwo méjì péré lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi kárọ́ọ̀tì, olú àti ìdí kábéèjì sínú omi, torí wọn kì í tètè jinná. Ẹ wá máa mú ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da gbogbo àwo ẹran sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà ti mú kí ooru omi náà rẹlẹ̀, ẹran á sì le. Eéhó máa gbá jọ sójú omi, wọ́n á ti gbé ṣíbí kan kalẹ̀ tí ẹ máa fi bù ú kúrò. Tí ẹ bá jẹ àwo méjì yẹn tán, ẹ béèrè òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn: kí a bù ú níwọ̀n, kí a tún padà bù.

Oríṣi ọbẹ̀ méjì ni wọ́n sábà ń gbé kalẹ̀. Ponzu jẹ́ ọbẹ̀ sóyà tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn kíkan. Goma-dare, yànmọ̀tí ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀, adùn rẹ̀ sì kún ẹnu. Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ sóyà gidi gan-an, nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kàn fi ẹran kàn án díẹ̀ ni. Ẹ má fi igi tí ẹ fi mú ẹran tútù kan ẹnu. Ẹran màlúù fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ jinná, ṣùgbọ́n tí adìyẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dúró kí ó jinná dénú. Ẹ rántí fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú yín, torí pé lópin gbogbo rẹ̀, wọ́n á da núdù tó nípọn tàbí ìrẹsì sínú omitooro tó ṣẹ́kù, tí gbogbo adùn ẹran àti olú ti wọ̀.

Ní ti igi ìjẹun, ẹ lè béèrè fọ́ọ̀kì, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò, ohun méjì péré ni kí ẹ yẹra fún. Ẹ má gún un ní òró sínú ìrẹsì, torí bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú nìyẹn. Ẹ má sì fi igi gba oúnjẹ lórí igi ẹlòmíràn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣa egungun òkú tí wọ́n bá sun ún tán. Bí a kì í ṣe fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìwọ̀nyí lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín ló wúwo jù nínú ohun tí ẹ béèrè. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú púpọ̀ oúnjẹ tabehodai, “buta” ni wọ́n ń pè é. “Gyu” ni màlúù. Ìkòkò kan náà sì ni gbogbo yín máa jọ lò, tí ẹnìkan bá ti ri ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bọ omi, ó ti ba tiyín jẹ́. Ọtí ìrẹsì tó ń jẹ́ sake àti mirin náà máa ń wà nínú àwọn ọbẹ̀ kan, pàápàá ti sukiyaki, oúnjẹ inú ìkòkò mìíràn tí wọ́n ń fi ṣúgà àti ọbẹ̀ sóyà sè. Ẹyin tútù ni wọ́n ń ti ẹran sukiyaki bọ̀. Wọ́n ń tọ́jú ẹyin tiwọn fún irú jíjẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé ẹ ò jẹ ẹ́. Ẹ má sì dán an wò láéláé pẹ̀lú ẹyin tí ẹ bá rà ní ọjà Agboju. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń lo ẹran hàláàlì wà ní Osaka. Níbòmíràn, wọ́n ní ìkòkò tí wọ́n là sí méjì. Tí kò bá sí èyíkéyìí, ẹja, ewébẹ̀ àti wàrà sóyà tó èèyàn jẹ yó, níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kò bá ti wọnú ìkòkò yín.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́ ọn, ẹ dán an wò nílé lọ́jọ́ Sunday. Ẹ gbé ẹran màlúù sínú fírísà títí á fi gan díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e fẹ́lẹ́. Ẹ gbé ìkòkò omi ka gáàsì kékeré, kí ẹ fi atalẹ̀ àti àlùbọ́sà sí i, kí ìyàwó àti ọmọ yín jókòó yí i ká. Ẹ máa rí i pé ìjókòó náà máa ń gùn, ọ̀rọ̀ sì máa ń dùn.

Ọ̀rọ̀ ìgbàlejò kò ṣàjèjì sí yín: ẹ wo Festac Town tó múlé ti yín, tìtorí àlejò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, Èkó gba àwọn èèyàn dúdú láti gbogbo àgbáyé lálejò fún àjọ̀dún Festac. Ẹ̀ ń gbé nítòsí àdúgbò olùgbàlejò, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ kò lè mọ èèwọ̀ àlejò tí àlejò kò bá sọ. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí ìkòkò á fi hó. Lónìí yìí, ẹ kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn: “Mùsùlùmí ni mí, mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì mu ọtí.” Ó máa wá ibi tó bá yín mu. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire.