Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Kì í Wọ Bàálù

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwọ náà ti ń wá ilé ẹ̀kọ́ sí òkè òkun, inú mi sì dùn, nítorí kì í ṣe ẹnu irú wa ni a ó ti gbọ́ ọ pé kí ọmọ má lọ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti là. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ kóòtù òtútù wò lórí fóònù, sún mọ́ mi díẹ̀ kí a sọ̀rọ̀ owó, torí ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ni àwọn tó ṣáájú rẹ lọ kì í ròyìn fún ará ilé. Fọ́tò yìnyín ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ní ìlú Kaduna yìí, àjọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó tẹ̀dó sí Kakuri, Tudun Wada àti Sabon Tasha fi kọ́lé, òun náà la sì fi rán ọmọ níwèé. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń dá tiwọn, àdáṣì ni wọ́n ń pè é, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé kí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àjọ kan ṣoṣo láìsí ìjà. Mo fẹ́ràn àjọ nítorí pé kì í dúró kí oṣù parí kí ó tó béèrè owó lọ́wọ́ rẹ. Owó ọjọ́ kan tí alájọ ń mú lóṣù kò pọ̀ jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń jò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles kógbá sílé ní 2002, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ UNTL náà ti ilẹ̀kùn ní 2007 kí wọ́n tó tún un ṣí, mo mọ àwọn ilé tó jẹ́ pé ìwọ̀nba owó tí bàbá ní nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Barnawa tàbí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Kawo, wọ ẹgbẹ́ kan lónìí, má wo bí iye rẹ̀ ti kéré tó.

Ṣùgbọ́n náírà ni àjọ, pọ́n-ùn ni ilé ẹ̀kọ́ yóò béèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdu 2023, nǹkan bíi ₦470 ni wọ́n ń ka dọ́là kan sí ní báńkì. Ìjọba fi náírà sílẹ̀ nínú oṣù náà kí ó máa wá ipò ara rẹ̀, kò sì pé ọdún kan tí dọ́là fi kọjá ₦1,500. Ẹni tó ti fi sùúrù kó mílíọ̀nù márùn-ún jọ, tó ń rò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ó lé díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun, bá a ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀; kò ná an, olè kò sì jà á.

O rántí ọ̀rọ̀ Fásitì Teesside, ní Middlesbrough lọ́hùn-ún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Èbìbí 2024? Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí náírà já kulẹ̀, tí wọn kò rí owó ilé ìwé san lásìkò tí wọ́n dá fún wọn, ni wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé, tí wọ́n sì ní kí àwọn kan padà sílé. Àwọn ọmọ náà jáde fẹ̀hónú hàn lọ́gbà, gbogbo ayé gbọ́. Àwọn aláìmọ̀kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní ẹ ò wo ìsàlẹ̀ ni. Àwọn ọmọ yẹn ṣe ìṣirò wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, ìṣirò ni kò dúró dè wọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí owó rẹ bá ti ń kún díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ sínú àkáǹtì dọ́là tàbí ti pọ́n-ùn, kí o má dúró di ìgbà tí físà bá ń jó ọ nídìí kí o tó sáré lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì gbà kí o san ju ìdajì lọ kí o tó gbéra, san án.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí o. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé, yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, òun ní owó oúnjẹ àti owó ilé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 wọ́n sọ ọ́ di £1,136 lóṣù fún ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, £1,483 fún ti Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n sì ń kà. Wọ́n máa ń fi kún un, nítorí náà ohun tí ìjọba wọn fúnra rẹ̀ kọ ni kí o kà, má gba ti ẹnu ẹjẹ́ǹtì. Owó náà, tó jẹ́ £10,224 ní iye ìbẹ̀rẹ̀ 2025 yẹn fún ẹni tí kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́dọ̀ sùn ní báńkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko, kí ó má lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ ayé wá mú ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n yìí, wọ́n sọ ọ́ di òwò: wọn yóò kó owó sí àkáǹtì rẹ kí àwọn aláṣẹ lè rí i, wọn yóò gba èlé lórí rẹ̀, ìwé físà yóò jáde, wọn yóò kó owó wọn lọ. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, ọmọ mi, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Iye tí ẹ̀dá yóò jẹ níbẹ̀ ni wọ́n ṣírò tí wọ́n fi béèrè owó yẹn, kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ dí ọ lọ́nà. Bí o bá fi owó olówó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, olówó yóò padà sílé pẹ̀lú owó rẹ̀, ebi tí owó náà ìbá pa yóò sì bá ọ wọ bàálù, èlé yóò máa gorí èlé nílé, nígbà míì lórí ìwé ilé bàbá rẹ.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, pé bí o bá ti débẹ̀, o ó ṣiṣẹ́. Ṣiṣẹ́, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wákàtí ogún péré lọ́sẹ̀ ni òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, owó iṣẹ́ tó sì kéré jù fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ní oṣù Igbe 2025, jẹ́ £12.21 ní wákàtí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi £244 lọ́sẹ̀, kí owó ọkọ̀ tó yọ tirẹ̀. Ó lè gbé oúnjẹ, ó lè ran owó ilé lọ́wọ́; owó ilé ìwé kò sí nínú rẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì kọjá wákàtí ogún ń fi físà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Àwọn ará Jámánì ti rí ewu owó àgbàbọ̀ yìí tipẹ́. Fásitì ìjọba wọn, àyàfi ní àwọn ibì kan bíi Baden-Württemberg, kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n láti 2024 wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti €11,904 mọ́ inú àkáǹtì kan tí kò ní fún un ju €992 lọ lóṣù. Kólò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù! Èmi fẹ́ràn ètò yẹn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí owó tó bá wọ ibẹ̀ ń bá ọmọ lọ ni, kì í bá ayánilówó padà.

Bí ó bá wá ń dà bíi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti lọ tán, rántí Awólọ́wọ̀. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni nígbà tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, ó ti ṣòwò tí òwò dojú dé, ó san gbèsè, ó tún gbéra ńlẹ̀, ó sì ti jókòó sílé níbí gba oyè BCom ti Fásitì Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó gbéra. Ní 1946 ó di lọ́yà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè mọ́ pé kí ló dé tó fi pẹ́.

Owó kéékèèké náà ń jẹni. Ọ̀pọ̀ fásitì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì inú WAEC dípò IELTS. Béèrè kí o tó san owó ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ẹjẹ́ǹtì ló jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ló ń sanwó fún wọn; béèrè ìyẹn náà. Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening kì í gba owó, kọ ọ́ bí o ti ń dá àjọ lọ. Ya £776 owó ìwòsàn ọdún kan sọ́tọ̀, torí kí o tó rí físà ni wọ́n ń gbà á. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti títẹ̀ka, Abuja ni yóò gbé ọ lọ: wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa, bí ìbátan wa kan bá sì wà ní Kubwa, sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, kí o má sun hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹni tó bá sì ní òun yóò sọ owó físà rẹ di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, sá fún un. MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù Ọ̀pẹ 2016, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Igbe 2025, àwọn tí wọ́n sì kó owó ilé ìwé lé wọn lọ́wọ́ kò kéré. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì lè korò létí àwọn ará ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ankara ìdágbére, tí wọ́n fẹ́ gbé ìkòkò ìrẹsì kaná, rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó owó rẹ̀ fún ọ. Lẹ́yìn náà kí o kúnlẹ̀, tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sọ fún bàbá àti ìyá rẹ iye tó wà nílẹ̀ àti iye tó kù, kí o sì là á yé wọn pé ní ọdún àkọ́kọ́, kò ní sí owó tí ìwọ yóò máa fi ránṣẹ́ sílé. Kaduna níbí ni kí o ti sọ ọ́, lójúkojú. Bí o bá ti dé ọ̀hún tán, lórí fóònù, ó máa ń ṣòro sọ.