Àpótí Ìmọ̀: Okawa, ìlú tí olùdíje ń wọ́n

Orí òkè ní erékùṣù Shikoku, ní Japan, ni Okawa wà. Ní 1960, àwọn ará ibẹ̀ lé ní 4,000. Omi ìsédò Sameura bo àárín ìlú, ibi ìwakùsà bàbà kógbá sílé ní 1972, ọ̀pọ̀ sì kó lọ. Bí ọ̀dá bá mú gan-an, ilé ìjọba àtijọ́ a máa yọrí jáde nínú omi. Ètò ìkànìyàn 2015 bá 396 péré. Aṣojú 6 ni ìgbìmọ̀ aṣojú ìlú ní, síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú nígbà náà pé olùdíje kò ní í pé. Ní 2017, olórí ìlú dábàá kí gbogbo olùdìbò máa pàdé jíròrò dípò ìgbìmọ̀. Òfin Japan fàyè gbà á. Àmọ́ báwo ni àwọn arúgbó tí ilé wọn jìnnà yóò ṣe máa dé ìpàdé? Nítorí irú ìṣòro yìí, lọ́dún náà ni olórí ìlú dá èrò rẹ̀ dúró.