Ẹ̀kọ́ Keje: Ọmọ Tí À Ń Kọ́ Nílé, Ta Ni Ẹgbẹ́ Rẹ̀?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀." Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí a ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn níwèé nílé la fẹ́ sọ.

Kí ni kíkọ́ ọmọ nílé?

Kì í ṣe lẹ́sìn là ń sọ. Ọmọ tó ń ṣe lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ ti lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ nílé kò ní ilé ìwé mìíràn. Òbí rẹ̀, tàbí tíṣà tí wọ́n gbà, ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ yòókù.

Òbí kan lè ṣe é nítorí pé ara ọmọ kò le. Òmíràn lè ṣe é nítorí owó ilé ìwé, tàbí kí ọmọ má baà kó ìwàkiwà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti ilé ìwé pa. Ọ̀pọ̀ òbí tọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí wò nígbà náà.

Ilé àtijọ́ àti ilé òde òní

Ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ilé ìwé tó dé, inú agbo ilé ni ọmọ Ifẹ̀ ti ń kọ́ ìkíni, oríkì, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àbáláyé yìí.

Ṣùgbọ́n agbo ilé kì í ṣe ti ìyá àti ọmọ nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ń pọnmi, wọ́n jọ ń pàlọ́, wọ́n jọ ń jà, wọ́n sì jọ ń parí ìjà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé fúláàtì. Wọ́n ti géètì pa, ọmọ kan tàbí méjì ló wà nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bá ṣeré.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń kọ́ ọmọ

Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ló wà níbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 6. Ọmọ ayò 4 ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí bàbá bá ń bá ọmọ ta á, bàbá lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní gbà fún un. Ó gbọ́dọ̀ dúró kó kàn án. Bó bá rẹ́ ẹ jẹ, wọ́n á pariwo lé e lórí. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á bínú, á gbé e mì, á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ta." Kò sí ìwé tó lè kọ́ ọmọ ní gbólóhùn yẹn.

Kí ni òbí lè ṣe?

1. Ẹ mọ òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ lo ọdún 6 ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní girama. Kí ẹ tó mú ọmọ kúrò nílé ìwé, ẹ lọ bá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀.
2. Ẹ wá ẹgbẹ́ fún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí bẹ́ẹ̀ máa ń kó ọmọ wọn jọ láti jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà lè lo ilé kéwú, ẹgbẹ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò.
3. Ẹ máa rán an níṣẹ́. Kó lọ ra iyọ̀, kó kí oníṣọ́ọ̀bù, kó ka ṣéńjì.

Ọgbọ́n àgbà ni òbí ń fún ọmọ nílé. Ti ọmọdé ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé ló wà. A kì í fi ìdajì ọgbọ́n dá ìlú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta tó bá ọmọ yín ṣeré ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ kò bá rí mẹ́ta kọ, ẹ ṣí géètì lọ́la.