Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Lọ Ṣe Tíṣà Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ti sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ tíṣà. Inú mi dùn dọ́ba. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti ní kí àwọn tíṣà Nàìjíríà náà lè fi ìwé-ẹ̀rí wọn béèrè fún àṣẹ ìkọ́ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo sì ti rí i pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé tíṣà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ní Írẹ́lándì, Eileen Flynn ń ṣe tíṣà nílé ìwé àwọn sístà Kátólíìkì ní New Ross. Ọkùnrin tó ń fẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ti pínyà, àmọ́ òfin Írẹ́lándì ìgbà yẹn kò gba kí tọkọtaya kọra wọn sílẹ̀, wọn ò sì lè ṣègbéyàwó. Wọ́n jọ ń gbé, obìnrin náà lóyún, ó bímọ. Ní 1982 ni ilé ìwé lé e. Wọn ò sọ pé kò mọ ìwé kọ́. Bó ṣe ń gbé nílé ẹ̀ ló bí wọn nínú. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ gíga, adájọ́ Declan Costello sì dá ilé ìwé láre ní 1985. Eileen Flynn kú ní 2008. Ìwà ìkà ni wọ́n hù sí i, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ṣàánú díẹ̀. Tíṣà ẹ̀kọ́ ìsìn kan lóyún fún fadá, ilé ìwé ní kò lè padà wá mọ́. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ ní oyún wà lára ohun tó lé e, pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ torí pé ó jẹ́ obìnrin.

Fara balẹ̀ ka èyí tó kù yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 2009, tíṣà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Reilly, jí nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tó sùn sí, ó bá ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá mú ọkùnrin náà, wọ́n sì tú ilé. Àwọn méjèèjì kì í ṣe tọkọtaya, wọn ò jọ gbé. Ilé náà ni wọ́n jọ rà ní 2003. Kó tó di pé wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi lórí àwòrán ìṣekúṣe àwọn ọmọdé ní 2010, obìnrin yìí ti di ọ̀gá ilé ìwé. Kò sọ fún àwọn tó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n lé e ní 2011. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì ní lílé náà tọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó gbà á síṣẹ́ mọ ewu tó wà nítòsí, kí àwọn fúnra wọn wò ó. Ìdájọ́ yìí dùn mọ́ mi.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, má tilẹ̀ rò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí tíṣà bá ọmọ ilé ìwé rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún 18 ní àjọṣe, bí ọmọ náà tiẹ̀ gbà. O ò sì lè gbàgbé ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n lé ní 2018 torí irú ọ̀rọ̀ yìí, tó sì ṣẹ̀wọ̀n.

Ẹni tó o bá fẹ́, tìrẹ ni. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọ bá ní ẹjọ́ tó kan ọmọdé, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọ́n bá torí oyún lé ọ, má kó ẹrù wálé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, torí ọjọ́ tí òfin fún ni láti pẹjọ́ kì í pọ̀.

Kó o tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, wá ibi tí wọ́n kọ ìwà tíṣà sí. Bó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọ, ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á kà á.

Àǹtí rẹ,
Ìbàdàn